Owó Àlejò àti Ìbò Onílé: Ẹ̀kọ́ Láti Ilẹ̀ Sàró

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ Ẹgbẹ́ ní Ìkirè, níbi tí àwọn ará Apòmù bá wa pé sí.)

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín ni ti orílẹ̀-èdè tí ogun fọ́, tí ó ń tún ara rẹ̀ kọ́, tí ó fẹ́ dìbò yan olórí, ṣùgbọ́n tí kò ní owó tí yóò fi ṣe é. Bí àwọn ará òkè òkun bá wá san owó náà, ta ni ó ni ìbò ọ̀hún?

Ẹnikẹ́ni lè bi wá pé kí ni èyí fi kan Ìkirè àti Apòmù. Ó kàn wá gidigidi. Ọjà Apòmù ni àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ṣòwò láyé àtijọ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ìjà lórí ataare tí iye rẹ̀ kò ju owó ẹyọ márùn-ún lọ ni ó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tí ó sì di ogun tí ó pa Òwu run. Nínú ogun náà, àti nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e, ni a ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí etí òkun. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi ni a kó lọ sí Freetown. Ilẹ̀ Sàró náà ni a bí Johnson fúnra rẹ̀ sí ní 1846. Títí di òní, àwọn ọmọ wọn tí a ń pè ní Àkú ń bẹ níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Sàró kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì.

Ní 1991 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sàró. Ní oṣù Kejì ọdún 1996, nígbà tí ogun náà kò tíì tán, a dìbò níbẹ̀, owó ìrànlọ́wọ́ láti òkè òkun sì ni a fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ gé ọwọ́ àwọn ènìyàn kí wọn má baà dìbò. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn jáde. Ahmad Tejan Kabbah wọlé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1997, oṣù mẹ́rìnlá péré lẹ́yìn náà, àwọn ológun lé e kúrò. Owó ti ra àpótí ìbò. Kò ra àlàáfíà. Àwọn ọmọ ogun ECOMOG, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n dá ìjọba rẹ̀ padà ní 1998, ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa sì wà nínú iṣẹ́ náà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2002 ni a kéde pé ogun parí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni a tún dìbò, Kabbah sì gba ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ogun Àjọ Àgbáyé tí wọ́n wà níbẹ̀ ní àkókò yẹn tó nǹkan bí 17,500 nígbà tí wọ́n pọ̀ jù. Ẹ rò ó wò: ọ̀nà ti bàjẹ́, àwọn ènìyàn ti fọ́n káàkiri, ìwé orúkọ olùdìbò kò sí. Nítorí náà ni ìbò lẹ́yìn ogun ṣe máa ń wọ́n ju ìbò ìgbà àlàáfíà lọ. Ẹni tí ó bá sọ pé kí irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ kọ gbogbo ìrànlọ́wọ́ kò tíì rí ogun. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 2007. Àwọn ọmọ ogun Àjọ Àgbáyé ti lọ ní òpin 2005. Àwọn olùrànlọ́wọ́ sọ owó sínú àpò kan tí ẹ̀ka ìdàgbàsókè Àjọ Àgbáyé ń ṣọ́. Ìlànà yìí ní àǹfààní, nítorí kò jẹ́ kí owó ṣòfò ní ọwọ́ ẹnì kan. Ó sì ní ìpalára, nítorí bí a bá fi àṣẹ sí ọwọ́ ẹni tí ó ni owó, ọmọ onílé a máa dúró de ìwé láti òkèèrè kí ó tó ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Síbẹ̀ kì í ṣe owó ni ó mú ọjọ́ náà là. Olùkọ́ni kan, obìnrin, Christiana Thorpe, ni olórí ìgbìmọ̀ ìdìbò. Nígbà tí ìbò àwọn ibùdó kan pọ̀ ju iye olùdìbò tí a kọ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ, ó fagi lé èsì ibùdó 477. Ernest Bai Koroma, olórí ẹgbẹ́ alátakò, borí igbákejì Ààrẹ, Solomon Berewa, ìjọba sì bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ láìsí ogun. Ìgboyà ọmọ onílé ni ó ṣe é. Kò sí àlejò tí ó lè fi ìgboyà ránṣẹ́ nínú àpótí.

Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí a kéde pé Julius Maada Bio tún wọlé, àwọn olùṣọ́ láti òkèèrè sọ pé ìṣirò ìbò kò hàn gbangba tó, ẹgbẹ́ alátakò sì kọ̀ láti jókòó ní ilé aṣòfin títí di oṣù Kẹwàá, nígbà tí a bá wọn ṣe àdéhùn. Ogún ọdún ó lé tí ogun ti parí, a tún ní láti pe àlejò láti là wọ́n níjà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí ni pé aṣọ àyáwọ̀ kì í yẹni: bí kò fúnni lápá, a ṣoni. Kí a yá aṣọ nígbà tí iná jó ilé kò burú. Kí a máa yá a ní gbogbo ọdún ni ó burú.

Àwa náà ńkọ́? Ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́wọlé àti Ìsọ̀kan, kò sí olùrànlọ́wọ́ òkè òkun tí ń san owó ìbò wa. Ṣùgbọ́n olówó ń bẹ tí ń pín ìrẹsì àti owó ní àárọ̀ ìdìbò. Àlejò òkè òkun a máa béèrè ìṣirò. Olówó ilé kì í béèrè ju ìlú lọ. Nítorí náà, Ẹgbẹ́ wa dá àbá mẹ́ta.

Èkíní, kí ìjòyè kankan má gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ olùdíje láàrin oṣù mẹ́ta ṣáájú ìbò. Èkejì, kí ìlú kọ̀ọ̀kan dá owó, bí ó ti wù kí ó kéré tó, láti fi bọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò jókòó ṣọ́ ìbò títí tí a óò fi kà á tán, kí a má sì jẹ́ kí olùdíje kankan fún wọn ní oúnjẹ. Ẹ̀kẹta, kí a ka ìṣirò owó náà sétí gbogbo ènìyàn ní ọjà Apòmù àti ní ààfin Akirè.

Ataare ẹyọ owó márùn-ún ni ó fọ́ ìlú nígbà kan. Owó kékeré tí a fi ọwọ́ ara wa dá lè tún un ṣe. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kí Olódùmarè bá wa dá ilẹ̀ Yorùbá sí.