Odi Ayálégbé: Àwọn Pọtogí ní Ouidah

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí à ń pè ní odi. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn ogun Ìjàyè mọ odi, ó mọ yàrà, ó mọ bodè. Èyí tí mo bá wá ni São João Baptista de Ajudá, tí àwọn Pọtogí mọ sí Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òní, ní 1721. Odi Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní inú odi yẹn ni Pọtogí ti ń ṣàkóso Ouidah. Odi Elmina tí Pọtogí kọ́ sí Gánà òní ló ń tàn wọ́n jẹ. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ Elmina, etí òkun gan-an ló wà. Ọkọ̀ ojú omi lè gbèjà rẹ̀. Ouidah ńkọ́? Ògiri amọ̀, òrùlé koríko. Etíkun fi bíi kìlómítà mẹ́rin jìnnà sí i, ọ̀sà tún wà láàárín. Bí ọba ilẹ̀ náà bá ti ọ̀nà pa, kí ni wọ́n fẹ́ jẹ?

Láti ìgbà tí Agaja ọba Dàhòmì ti gba ìlú náà ní 1727, abẹ́ ọba ni odi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Yovogan, ìjòyè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó, ló ń pàṣẹ. Ní 1743, Tegbesu, ọba tó jẹ lẹ́yìn Agaja, ní kí wọ́n mú João Basílio, ọ̀gá odi Pọtogí, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì gba odi náà. Onílé wo ni wọ́n ń mú báyẹn? Ayálégbé ni wọ́n! Tegbesu yìí kan náà ló sì gbà ní 1748 láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Onílé pàápàá ní ẹni tó ń sanwó fún.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gba bodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Ouidah. Ìwé àkọsílẹ̀ kún ọwọ́ mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí, fọ́tò lẹ̀ ń lọ yà.

Inú odi Pọtogí yìí ni Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú ọmọ Brazil, ti ṣiṣẹ́ kó tó di Chacha, aṣojú ọba nínú òwò, lábẹ́ Ghezo ọba Dàhòmì. Ó kú ní 1849. Ní ti Kossola, ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ẹrú Clotilda gbé láti Ouidah lọ sí Amẹ́ríkà ní 1860, ọgbà tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ ló sùn, kì í ṣe odi.

Orílẹ̀-èdè olómìnira Dàhòmì, tó ń jẹ́ Benin lónìí, gba odi náà ní 1961. Aṣojú Pọtogí tó kù níbẹ̀ dáná sun ún kó tó jáde. Láti 1967 ló ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí ẹ bá débẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má wọ ọ̀kadà. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín láti odi dé etíkun, kẹ́ ẹ wá padà wá bá mi jiyàn.