A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Lórí Jíjí Igbó Etí Òkun Dìde



Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú yín máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ igi inú ẹrẹ̀? Owó ọ̀yà kò tó ná, ọjà gbówó lórí, owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbà wa ń fà sẹ́yìn. Ṣé igbó ni ó wá kù tí a ó máa jíròrò lé lórí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Igbó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ibi iṣẹ́ ni. Ibi iṣẹ́ ni ó jẹ́ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí wọn kò gba owó oṣù rí láyé wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti kùtùkùtù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí igbó náà bá kú, iṣẹ́ wọn kú pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ jí i dìde, ìbéèrè tí à ń béèrè ní gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó yẹ kí a béèrè níbẹ̀: ta ni ó ń pàṣẹ, ta ni ó ń ṣiṣẹ́, ta ni ó sì ń kó èrè lọ?

Irú Igbó Wo Ni?

Igi tí à ń pè ní mángúrófù ni ó kún inú igbó náà. Ibi tí omi òkun àti omi odò ti pàdé ni ó ń gbé, nínú ẹrẹ̀ tí omi iyọ̀ ń kún bò ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, níbi tí igi mìíràn kò lè yè. Gbòǹgbò èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn nà jáde láti ara igi, ó tẹ ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára gbòǹgbò náà. Òun ni igi fi ń mí nígbà tí omi bá fà. Ọmọ rẹ̀ a máa hù lórí ìyá rẹ̀ kí ó tó já bọ́ sínú omi, kí omi tó gbé e lọ síbi tí yóò ti ta gbòǹgbò.

Láàárín àwọn gbòǹgbò wọ̀nyí ni ọmọ ẹja, edé àti akàn ń sá pamọ́ sí títí wọn yóò fi dàgbà. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ṣa ìṣáwùrú. Igi náà ni ó ń dá ìgbì òkun lẹ́kun kí ó má baà gbá ilẹ̀ abúlé lọ, ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ń tọ́jú èéfín kábọ́ọ̀nù tí ìbá máa mú ayé gbóná. Ní gbogbo Áfíríkà, kò sí orílẹ̀-èdè tí irú igbó yìí pọ̀ sí tó Nàìjíríà. Agbègbè Niger Delta ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà.

Ohun Tí Ó Ń Pa Á

Ẹ jẹ́ kí a mú ìlú Bodo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gokana, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2008, ọ̀pá epo ilé-iṣẹ́ Shell tí ó gba ibẹ̀ kọjá bẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Epo rọ̀bì tàn sójú omi, ó sì lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò àwọn igi. Ẹ rántí pé ara gbòǹgbò ni igi yìí fi ń mí. Bí epo bá dí ihò wọ̀nyí, bí ìgbà tí a di ènìyàn ní imú àti ẹnu ni. Àwọn ará Bodo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn: mílíọ̀nù 35 fún àwọn ènìyàn bí 15,600, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ apẹja, àti mílíọ̀nù 20 fún ìlú lápapọ̀. Ṣùgbọ́n owó gbà-má-bínú kì í hu igi. Ní ọdún 2015 kan náà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹrẹ̀ náà mọ́, àìgbọ́ra-ẹni-yé bẹ́ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kò rí àyè wọlé, ó sì di ọdún 2017 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì ṣòfò.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ẹ̀ka tí ń mójútó àyíká nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ogoni jáde. Ó ní ó lè gba ọdún 25 sí 30 kí ilẹ̀ àti omi náà tó padà bọ̀ sípò. Àbọ̀ náà kò sì fi ọ̀ràn náà mọ sórí ilé-iṣẹ́ epo nìkan. Ó fi hàn pé ní Bodo West, láàárín 2007 sí 2011, ìgbà tí fífọ epo rọ̀bì láìgbàṣẹ pọ̀ sí i, ìdá kan nínú mẹ́wàá igbó tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni ó ṣègbé. Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ eléwu yẹn nínú igbó lóru? Ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ wà nínú wọn. Ọmọ ẹni tí ìbá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa lónìí, bí iṣẹ́ bá wà, wà nínú wọn.

Ọ̀tá kẹta tún wà, ẹ̀bùn sì ni a pè é nígbà tí ó kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 1906, lábẹ́ ìjọba amúnisìn, a kó irú ọ̀pẹ kan tí à ń pè ní nípà wá láti ọgbà ọ̀gbìn Singapore, a sì gbìn ín sí Calabar. Ní 1912 a gbìn ín sí Oron. Èrò àwọn tí ó gbìn ín ni pé yóò di ilẹ̀ etí omi mú. Lónìí, ọ̀pẹ náà ti tàn ká. Ibikíbi tí mángúrófù bá ti kú tàbí tí a bá ti gé e, òun ni ó ń sáré gba ilẹ̀ náà, ó sì ṣòro kí mángúrófù tó rí àyè padà.

Gbígbìn Nìkan Kọ́ Ni Jíjí Dìde

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń ṣa ìṣáwùrú pàdé ní etí odò kan ní agbègbè náà. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbàlagbà kan, sọ ìtàn kan tí ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní agbaṣẹ́ṣe kan kó àwọn òṣìṣẹ́ wá láti ìlú òkèèrè. Wọ́n gbin ọmọ igi ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ bí ẹni gbin àgbàdo, wọ́n ya àwòrán, wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ìyá náà ní, “Láti ọjọ́ kìíní ni a ti mọ̀ pé kò ní í yè. Ibi tí wọ́n gbìn ín sí jìn jù, omi kì í fà kúrò níbẹ̀ tán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣa ìṣáwùrú mọ̀ bẹ́ẹ̀.” Mo bi í pé, “Ìyá, kí ni kò jẹ́ kí ẹ sọ fún wọn?” Ó wò mí títí, ó ní, “Ọmọ mi, ta ni ó bi wá?” Kí òjò ọdún kejì tó dá, pátákó nìkan ni ó kù lórí ìdúró.

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ohun tí ìyá yẹn sọ bá ohun tí àwọn onímọ̀ rí mu. Ní orílẹ̀-èdè Philippines, wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún àti owó tabua gbin mángúrófù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kú nítorí pé ibi tí omi jìn jù ni wọ́n gbìn ín sí. Irú igi kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó tọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń kún tó àti bí ó ti ń fà tó. Níbi púpọ̀, bí a bá mú epo kúrò, tí a la ọ̀nà tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀, tí igi tí ó lè so èso sì wà nítòsí, omi fúnra rẹ̀ yóò gbé irúgbìn wá. Àwọn tí wọ́n ń bá omi náà gbé lójoojúmọ́ ni wọ́n mọ ibi tí a ó ti gbìn àti ibi tí a ó fi sílẹ̀ kí ó hù fúnra rẹ̀.

Ohun Tí Àwọn Ẹlòmíràn Ṣe

Ní Casamance, ní gúúsù Senegal, ọ̀dá òjò àwọn ọdún 1970 àti 1980 mú kí iyọ̀ inú omi pọ̀ lápọ̀jù, igi púpọ̀ sì kú. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Océanium, lábẹ́ ìdarí Haïdar El Ali, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń fi sinimá ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n ṣa èso igi, àwọn náà ni wọ́n sì gbìn ín. Láti 2009 sí 2012, pẹ̀lú owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Yúróòpù dá, wọ́n gbin nǹkan bíi mílíọ̀nù 79. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan bẹnu àtẹ́ lu apá kan nínú rẹ̀: irú igi kan ṣoṣo ni ó pọ̀ jù, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó dáwó ni wọ́n sì ń gba ẹ̀tọ́ lórí èéfín kábọ́ọ̀nù tí igi náà ń tọ́jú.

Ẹ fi èyí wé Gazi ní etí òkun Kenya. Láti ọdún 2013 ni àwọn ará abúlé méjì níbẹ̀ ti ń tọ́jú hẹ́kítà 117 igbó mángúrófù, wọ́n sì ń ta ẹ̀tọ́ kábọ́ọ̀nù náà fúnra wọn. Mikoko Pamoja ni wọ́n pe iṣẹ́ wọn. Ìgbìmọ̀ tí àwọn ará abúlé yàn ni ó ń bá wọn pinnu ohun tí a ó fi owó náà ṣe: omi mímu, ohun èlò ilé-ẹ̀kọ́. Igbó kékeré ni, bí a bá fi wé tiwa. Ṣùgbọ́n olórí wà níbẹ̀ nígbà tí a fẹ́ fá orí.

Iṣẹ́ Tiwa

Ní ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ ilẹ̀ Ogoni ní Bodo. Lábẹ́ àjọ HYPREP, iṣẹ́ náà ti dé orí gbígbin mángúrófù. Owó wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ohun márùn-ún ni mo fẹ́ kí ẹ mú padà lọ sí ẹ̀ka yín.

Èkínní, kí a jókòó pẹ̀lú àwọn ará ìlú kí a tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí àwọn obìnrin tí ń ṣa ìṣáwùrú wà lórí ìjókòó náà, kì í ṣe àwọn baálé àti àwọn olóṣèlú nìkan.

Èkejì, iye igi tí ó yè lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni kí a fi san owó fún agbaṣẹ́ṣe, kì í ṣe iye tí ó gbìn lọ́jọ́ tí a ya àwòrán.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó ń gbin igi nínú ẹrẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Ó yẹ kí ó ní ìwé àdéhùn, owó ọ̀yà tí ó tó jẹun, bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́ tí epo rọ̀bì kò ní í fi pa á lára, àti ẹ̀tọ́ láti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹrin, igi gáńgáńrán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní NUPENG àti PENGASSAN ni wọ́n ń tọ́jú ọ̀pá epo. Wọ́n mọ èyí tí ó ti gbó kí ó tó bẹ́. Kí a jà fún wọn kí ẹni tí ó bá sọ òtítọ́ má baà pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Asán ni gbígbin igi sí ibi tí epo yóò tún dà sí lọ́dún tí ń bọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí iṣẹ́ ìtọ́jú igbó, àti gígé ọ̀pẹ nípà kúrò, di iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú yóò máa ṣe fún ọdún púpọ̀. Ọ̀dọ́ tí igbó bá ń bọ́ kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná sun ún.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ọ̀gá bá jókòó sí ọ́fíìsì tí ó pinnu bí a ó ṣe ṣiṣẹ́ tí òun kò ṣe rí. A mọ iye tí ó ń náni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìyá tí ó bi mí pé, “Ta ni ó bi wá?”, kò ní ẹgbẹ́ tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dé ẹ̀ka yín, tí ẹ sì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbin igi sí etí omi níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹ dìde, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: àwọn tí wọ́n ni ibẹ̀ ńkọ́, ṣé a ti bi wọ́n?

 Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.