Nígbà Tí Ìràwọ̀ Pápá Ilé-Ìwé Bá Fẹ́ Fi Bọ́ọ̀lù Jẹun
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní Àgbárá)

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù, nítorí ẹ̀bẹ̀ kan wà níwájú wa: a fẹ́ dáwó fún ọmọkùnrin tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nílé-ìwé wa, kí ó lè lọ dán ara rẹ̀ wò lókè òkun. Kí á tó ti ọwọ́ bọ àpò, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ṣé ẹ rántí ọdún 2007? Àwọn ọmọ wa tí kò ju ọdún 17 lọ gba ife àgbáyé ní Kòríà. Macauley Chrisantus gbá góòlù 7 wọlé, kò sẹ́ni tó gbá tó o. Hamburg ní Jámánì rà á. Inú wa dùn, a ní Rashidi Yekini mìíràn ti dé. Ṣùgbọ́n kò rí àyè nínú ìkọ̀ àgbà wọn. Wọ́n fi í yá Karlsruhe, lẹ́yìn náà ó lọ sí Spéènì, ó lọ sí Tọ́kì, kò sì síbi tó ti tún tàn bí ó ti tàn ní Kòríà. Nínú ìdíje kan náà, ọmọ Jámánì kan wà, Toni Kroos. Àwọn ọmọ wa na ìkọ̀ tirẹ̀ ní 3 sí 1. Kroos yìí náà ló gba ife àgbáyé àwọn àgbà ní 2014. Àbí ẹ ò rí nǹkan!

Àwọn kan á ní ọjọ́ orí ló fà á. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí wà lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí FIFA fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ ní 2009. (N kò fi bá ẹnikẹ́ni tí mo dárúkọ wí o.) Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá tilẹ̀ tọ́, wàhálà ṣì kù.

Ní pápá ilé-ìwé, ọmọ tó bá yára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ti borí. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù síwájú fún un, á sáré tẹ̀ lé e, á gbá a wọlé, a ó gbé e lé èjìká. Bó bá dé àárín àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, gbogbo ẹni tó bá pàdé ló yára bíi tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò tíì dé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹnìkan ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí yóò gbá a sí kó tó gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Àgbárá yìí mọ ohun tí mo ń wí: ọmọ tó gba ipò kìíní ní kíláàsì lè dé ìdí ẹ̀rọ kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, nítorí ẹ̀rọ kì í dúró de ẹni tó ń ronú.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní irú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù. Quarterback ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù. Ní yunifásítì, ẹni tó fẹ́ jù ú sí á dá dúró gbayawu. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà, kó tó ṣẹ́jú, àyè ti dí. Ní 1998, Ryan Leaf ni ẹnì kejì tí wọ́n mú nínú gbogbo àwọn tó ń bọ̀ láti yunifásítì; kò pẹ́ tó fi kógbá sílé. Ní 2000, ènìyàn 198 ni wọ́n mú kí wọ́n tó mú Tom Brady. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ odidi sáà kan ló fi jókòó lẹ́yìn ẹni tó bá níbẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́. Òun ló wá gba ife wọn tó ga jù nígbà 7.

Ohun tí mo rí sí i ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ rí ẹni kọ́ ọ, kó sì rí pápá wọ̀. Wọ́n fi Kroos náà yáni, láti Bayern sí Leverkusen ní 2009. Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ló wà, èdè ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́, ó sì ń wọ pápá. Ẹ wá wo àwọn ọmọ wa tó gba ife ní Chile ní 2015. Kelechi Nwakali ni wọ́n pè ní ọ̀gá gbogbo wọn. Arsenal rà á ní 2016, wọ́n fi í yá Họ́láǹdì, wọ́n fi í yá Pọtogí, ó sì kúrò ní 2019 láìgbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan fún ìkọ̀ àgbà wọn. Victor Osimhen, ọmọ tó ta pío wọ́tà ní Olúsósùn, gbá góòlù 10 nínú ìdíje kan náà. Ó dé Wolfsburg, kò gbá góòlù kan nínú líìgì. Ní 2018 ẹgbẹ́ méjì ní Bẹ́ljíọ̀mù yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ̀ ọ́. Charleroi, ẹgbẹ́ tí kò lókìkí, ló gbà á, tó sì ń fi í sí pápá: góòlù 20 ní sáà kan! Ibẹ̀ ló gbà dé Lille àti Napoli, tó fi di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 2023. Lójú tèmi, Charleroi ló là á.

Nítorí náà, n kò ní kí á má dáwó. Mo ní kí á má fún ejẹ́ńtì kankan ní kọ́bọ̀. Ọmọ yìí kò tíì pé 18, òfin FIFA kò sì gbà, àfi lọ́nà díẹ̀, kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè forúkọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á san owó WAEC rẹ̀, kí á sì bá a wá akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọṣẹ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá pè é lẹ́yìn náà, kí àwọn lọ́yà inú wa bá bàbá rẹ̀ ka ìwé àdéhùn, kí wọ́n sì bèèrè iye ọmọdé tó wọ pápá fún ìkọ̀ àgbà wọn ní sáà tó kọjá. Mo gbọ́ pé ejẹ́ńtì kan ti ní kí ìyá rẹ̀ lọ wá owó físà, obìnrin náà sì ti ń wá ẹni tí yóò ra ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Sàngó. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́la, kí ẹni tó fẹ́ ra ìsọ̀ náà tó dé.