Igi Tí Ọmọ Ń Rí Ni Kí Ó Kùn: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba Lórí Ìgbà Inú Ọdún, Ìwé Alàwòrán àti Igi Ilẹ̀ Wa

Kábíyèsí, Alára ti Àràmọkọ. Ẹ̀yin aṣojú Ajerò ti Ìjerò, tí ẹsẹ̀ Ifá kì í fẹ́ dárúkọ Alára kí ó gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin aṣojú Aláayè, ọba orí òkè Ẹ̀fọ̀n. Ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ agbègbè yìí tí ẹ ní kí n wá sọ bí a ti lè fi ìwé alàwòrán àti igi kíkùn mú ọmọdé mọ ìgbà inú ọdún. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó mọ̀ mí yóò rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn yẹn: igi tí ọmọ ń rí lójoojúmọ́ ni kí ó kùn, kí ó sì máa kùn ún títí ọdún yóò fi yí po, nítorí pé ìgbà tí kò bá gba ojú ọmọ wọlé, ẹnu olùkọ́ kò lè tì í wọ̀ ọ́ nínú.

Ní ti ìtumọ̀, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé òjò a máa bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, pé a máa sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún, pé a sì tún máa padà di àrọ̀kúrò ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó gorí oyè, kí ọyẹ́ tó fi eruku Sàhárà bo òkè Ẹ̀fọ̀n mọ́ wa lójú. Ìwé alàwòrán ni ìwé tí àwòrán ń dá nínú rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń gbè. Igi ńkọ́? Ẹni tí yóò túmọ̀ igi fún ọmọ Èkìtì kò ní iṣẹ́ ṣe.

Ṣé Igi Wa Kò Mọ Ìgbà?

Àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé igi ilẹ̀ wa kò mọ ìgbà, pé àwọ̀ ewé kan náà ni wọ́n ń wọ̀ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé oṣù Ọ̀pẹ́, àti pé nítorí náà, bí ọmọ yóò bá kọ́ ìgbà, kí ó lọ kọ́ ọ lára igi òyìnbó mẹ́rin tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì, èyí tí ọ̀kan nínú wọn ń tanná, tí ọ̀kan ń so, tí ọ̀kan ń wọ́wé, tí ìkẹrin sì dúró nínú yìnyín. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì wo òkè rí. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, òtútù ni ọ̀gá, ọ̀pọ̀ igi wọn a sì gbọ́ àṣẹ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níhìn-ín, òùngbẹ ni ọ̀gá, igi kọ̀ọ̀kan sì ní bí ó ti ń dá a lóhùn. Àràbà a wọ́wé nínú ẹ̀ẹ̀rùn kí omi ara rẹ̀ má bàa tán, yóò tanná ní ìhòòhò, lẹ́yìn náà ni èso rẹ̀ yóò là, tí òwú rẹ̀ yóò máa fò kiri ìgboro. Ní àkókò kan náà, máńgòrò tí kò ju ewé kankan nù ń tanná nínú ọyẹ́, kí ó lè pọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Àgbálùmọ̀ ti ń pọ́n ní tirẹ̀. Ìyeyè ṣì ń retí òjò kí ó tó so. Pánṣẹ́kẹ́ yóò wá gbiná pupa nígbà tí òjò bá ń dé. Ẹ wá sọ fún mi, nínú wọn, èwo ni kò mọ ìgbà?

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ẹ̀fọ̀n, ìyá mi a máa rán wa lọ ṣa òwú àràbà fún ìrọ̀rí, a ó sì mọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sí pátákó, pé àkọ́rọ̀ òjò kò jìnnà mọ́, pé èsúnsún fẹ́ẹ̀ jáde. Àwọn àgbà wa kò fi ọ̀rọ̀ igi àti ọdún ṣeré: ní Adó-Èkìtì níbẹ̀, abẹ́ ìrókò ni ọdún Ùdìrókò ti ń wáyé nínú oṣù Ògún, òun ni Ewì, ọba Adó, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fi ń wọ ọdún tuntun. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìjà Ọnàbólú àti Murray

Ìbéèrè bí ọmọ yóò ti ya ohun ilé rẹ̀ gbé mi dé orí ìjà àtijọ́ kan tí n kò lè gbójú fò, bí alága tilẹ̀ ti bẹ̀ mí kí n má pẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1922, Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti òkè òkun dé lẹ́yìn tí ó ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti í fi ojú wọn nǹkan kí a tó yà á: bí ohun tí ó jìnnà ti í kéré, bí ọ̀nà ti í fún bí ó bá ti ń lọ, bí òjìji ti í bá oòrùn rìn. Ẹ̀kọ́ náà gbà á lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Mr. Perspective. Òun náà ni kò jẹ́ kí ìjọba sinmi títí wọ́n fi mú olùkọ́ àwòrán kan, Kenneth Murray, wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dé kò bá ẹni tí ó ní kí ó wá gba ọ̀nà kan náà. Murray ní kí a má fi òfin Yúróòpù di ọmọ lọ́wọ́, kí ó ya ọjà, oko àti ọdún ìbílẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ ti rí wọn. Ní 1937, ó kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí Ben Enwonwu wà lára wọn, lọ fi hàn ní Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, ayé sì pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àwa tí a ń kọ́ni ní àwòrán ti pín sí ọ̀nà méjì, n kò sì ní fi ibi tí mo dúró sí pamọ́: ti Ọnàbólú ni mo ń ṣe. N kò bá Murray fúnra rẹ̀ jà, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa jọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1957. Àwọn tí ń fi orúkọ rẹ̀ jẹun lónìí ni mo ń bá wí. Wọ́n ní, ‘Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, kí ó kun igi tí ó bá wù ú.’ Mo ti bi wọ́n ní ìpàdé púpọ̀, wọn kò tíì dá mi lóhùn: kí ni ọmọ tí a fi sílẹ̀ ń kùn? Ẹ ṣí ìwé rẹ̀ wò. Ọ̀pá pẹlẹbẹ kan ni, tí ó gbé nǹkan rògodò aláwọ̀ ewé lérí, tí ápù pupa márùn-ún sì rọ̀ mọ́ ọn, ní Ìjerò níbí, níbi tí igi ápù kankan kò sí! Ẹ̀yìn ìwé àjákọ àti ara páálí bísíkíìtì ni ó ti rí i. Òmìnira tí a ní a fún un, ọwọ́ oníṣòwò ni ó bọ́ sí.

Ẹni tí ó bá gba ẹ̀kọ́ Ọnàbólú yóò mú ọmọ náà lọ sí ìdí àràbà, yóò sì bi í pé: ìdúró rẹ mélòó ni kí a tó kan ẹ̀ka àkọ́kọ́? Gbòǹgbò tí ó nà sókè bí ògiri yìí, ṣé kò lè bò ọ́ mọ́lẹ̀? Ta ni ó sọ fún ọ pé àwọ̀ ilẹ̀ ni ara igi, nígbà tí ìwọ fúnra rẹ rí i pé ó jọ eérú? Ọmọ tí ó bá wo igi báyìí nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ó tún wò ó nínú oṣù Èbìbí, a kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún un pé ìgbà ti yí. Àwọn kan á ní òfin òyìnbó ni ìwọ̀n. Rárá o! Ẹ lọ wo àwọn òpó ààfin Aláayè tí Agbọ́nbíọfẹ́, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ẹni tí ó kú ní 1945, fi ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fún orí ní ààyè ju ara lọ. Ìwọ̀n tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni. Àwọn agbẹ́gilére tí Fadá Kevin Carroll kó jọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì láàárín 1947 sí 1954 kò gbẹ́ igi láìwọ̀n ọ́n. Mo gbà pé Murray tọ̀nà pé ohun ilé ni kí ọmọ yà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ohun tí ọmọ yóò yà jẹ́ ti Murray, kí ojú tí yóò fi wò ó jẹ́ ti Ọnàbólú.

Alága ti kan agogo àkọ́kọ́.

Ìwé Alàwòrán

Ìwé tí Ezra Jack Keats ṣe ní 1962, The Snowy Day, dára púpọ̀. Ọmọ adúláwọ̀ kan ní New York jí, ó rí yìnyín, ó jáde lọ ṣeré nínú rẹ̀. Ìwé náà kò purọ́ fún ọmọ tí a ṣe é fún. Ohun tí mo ń bèèrè ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọmọ Ìpótì tàbí Ẹrìjiyàn tí ó jí tí ètè rẹ̀ ti là, tí ọyẹ́ sì ti gbé òkè pamọ́. A kì í ṣe aláìní baba: Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, àti Táíwò àti Kẹ́hìndé tí Fágúnwà bá L. J. Lewis ṣe, ni wọ́n tọ́ wa dàgbà. Láti ọdún 1970 sì ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní Ifẹ̀ pé ọmọ lè fi èdè Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà kí ó sì yege. Àwòrán ìgbà tiwa, pẹ̀lú ọ̀dà tí ó kún ojú ìwé, ni ó kù.

Bí A Ó Ti Ṣe É

Kí kíláàsì kan yan igi kan. Kí wọ́n kùn ún nínú ọyẹ́, ní àkọ́rọ̀ òjò, nígbà tí òjò bá kún, nígbà ìsinmi oṣù Ògún, àti ní àrọ̀kúrò, láti ojú kan náà, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Bí kò bá sí owó ọ̀dà, ẹfun, osùn, èédú àti aró kò tíì tán nílẹ̀. Ní ìparí ọdún, kí olùkọ́ fi òwú rán ojú ìwé wọ̀nyẹn pọ̀: ìwé alàwòrán ti di ṣíṣe, àwọn tí ó ṣe é ni yóò sì kọ́kọ́ kà á.

Ẹ̀yin Òbí

Gbólóhùn kan péré ni alága fi sílẹ̀ fún yín: ẹ dẹ́kun yíyọ̀ pé ọmọ yín lè ka orúkọ ìgbà mẹ́rin òyìnbó lórí nígbà tí kò lè tọ́ka sí ìrókò. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Kábíyèsí, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní kí n tó jókòó: kí a má jẹ́ kí àwọn onípákó gé igi tí ó bá kù ní àyíká ilé-ìwé wa mọ́, nítorí pé ìwé ni. Ẹ̀yin olùkọ́, kí olúkúlùkù yín mọ igi tirẹ̀ kí ilé-ìwé tó wọlé nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́.