Ìlù Ìjẹ̀ṣà ní Etíkun Kúbà

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ìbẹ̀wò wa sí Matanzas, ìlú etíkun kan ní Kúbà, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 100 sí ìlà-oòrùn Havana.

Àwọn ará Sípéènì ló tẹ ìlú náà dó ní 1693. Ìpakúpa ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lédè wọn. Odò San Juan àti odò Yumurí là á kọjá wọ inú òkun, ìdí nìyẹn tí afárá fi pọ̀ níbẹ̀. Ìlú náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹwà la bá lọ. Odi San Severino wà létí omi, tí wọ́n ti sọ di ilé ìrántí Ọ̀nà Ẹrú. A wọ̀ ọ́, a kò sì lè pẹ́ níbẹ̀.

Ìrèké ló sọ Matanzas di ọlọ́rọ̀. Àwọn ènìyàn wa tí ogun tó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká sọ di ẹrú wà lára àwọn tó gbin ìrèké náà. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú dìde ní oko ìrèké Triunvirato. Obìnrin Lukumí kan, Carlota, wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, ó sì kú nínú ìjà náà. Lọ́dún kejì, ìjọba gbẹ̀san. Wọ́n ń de ènìyàn dúdú mọ́ àkàbà, wọ́n ń fi pàṣán nà wọ́n, ọ̀pọ̀ sì kú. Ọdún Pàṣán ni àwọn ará Kúbà ń pe 1844. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn.

Nítorí pé ní 1845, nígbà tí egbò pàṣán kò tíì jinná nílùú, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà dá ilé kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún Ògún àti Ọ̀ṣun. Abẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ Kátólíìkì ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń wà nígbà náà; ti Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni wọ́n fi bò ó: Iyesá Moddu San Juan Bautista. Ìlù mẹ́rin ni ilé náà ní. Àwọ̀ ewé ni ti Ògún, àwọ̀ ìyeyè ni ti Ọ̀ṣun.

Àwọn babaláwo tí a bá pàdé kò gbọ́ Yorùbá ọjà. Ṣùgbọ́n bí a ti kí wọn ní àbọrú, àbọyè, “iború, iboya” ni wọ́n fi dá wa lóhùn.

Àwọn kan nínú wa ń lọ sí Kúbà láti lọ tún wọn ṣe (àwọn mìíràn, ẹ dárí jì wá, láti lọ ta oyè). Àgbọn ni wọ́n fi ń dá obì níbẹ̀, obì náà ni wọ́n sì ń pè é. Ẹnìkan nínú wa rẹ́rìn-ín. Ta ló di obì àbàtà fún wọn nínú ọkọ̀ ẹrú? A kò sọ pé wọn kò ní ohun tí wọ́n lè kọ́ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ tọ́ wọn sọ́nà kọ́kọ́ béèrè iye agboolé ní Iléṣà tí ìlù Ògún kò tíì dákẹ́ níbẹ̀ láti 1845.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ni ọdún ilé Ìjẹ̀ṣà náà. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ di obì dání; kì í ṣe láti fi bu àgbọn wọn kù, bí kò ṣe láti gbé e síwájú Ògún tí wọ́n ti ń fi àgbọn bọ láti ọjọ́ yìí wá.