Ìrora Ọlọ́jọ́ Pípẹ́, Inú àti Ọkàn Òṣìṣẹ́



Ọjà Odawna, lẹ́bàá odò Odaw ní ìlú Accra, ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwọn obìnrin alábàárù pọ̀ níbẹ̀. Kayayei ni wọ́n ń pè wọ́n: ẹrù ni “kaya” ní èdè Haúsá, obìnrin sì ni “yei” ní èdè Ga. Ìhà àríwá Ghana ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ẹni tí ó ń fi orí ru ẹrù láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè ṣàìdùn ún. Àwọn alábàárù wa ní Oyíńgbò àti Bódìjà mọ ohun tí mo ń wí.

Ìrora tí ó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ kì í dá rìn. A máa fa inú àti ọkàn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo inú. Ọ̀pọ̀ wa ń gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì láìjẹun, bí ẹni ń jẹ obì, àwọn mìíràn a sì fi ọtí sìn ín. Àwọn oògùn wọ̀nyí a máa dín ohun tí ó ń dáàbò bo awọ inú kù, omi kíkan inú a sì ráyè jẹ ẹ́ di ọgbẹ́. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ó bá ń bì ẹ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró de ìparí iṣẹ́: ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ní ti tramadol, tí ìjọba Ghana àti ti Nàìjíríà gbógun tì ní ọdún 2018, a máa mú ìgbẹ́ gan, a sì máa di bárakú.

Ọkàn ńkọ́? Ìrora a máa jí oorun gbé. Ẹni tí kò sùn a máa kanra, oúnjẹ kì í wù ú jẹ, ìrẹ̀wẹ̀sì a sì dé. Nígbà náà ni a ó máa pè é ní ọ̀lẹ! Mo ti gbọ́ ọ nínú ìpàdé tiwa pàápàá, kò sì dùn mọ́ mi. Dókítà lè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní amitriptyline díẹ̀ fún ìrora iṣan. Ọ̀pọ̀ a jù ú nù nítorí wọ́n gbọ́ pé oògùn ọkàn ni. Fún ìrora náà ni wọ́n ṣe fún un.

Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti sọ ní ọdún 1967 pé ẹrù tí àgbà ọkùnrin ń fi ara rù kò gbọdọ̀ ju kílò 55 lọ, kí ti obìnrin sì kéré sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń wọn ẹrù ní Odawna? Alábàárù kò ní ọ̀gá tí a lè pè lẹ́jọ́.

Àwa tí a ní ọ̀gá ní Nàìjíríà, òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ka ìdààmú ọkàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí a lè torí rẹ̀ béèrè owó, bí oníṣègùn bá jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú páálí oògùn tí ó ń lò dání, kí a jọ ka ohun tí a kọ sára wọn.