Orúkọ Ìyá Wà Nínú Ìkòkò

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè mọ ìtàn ìdílé rẹ̀. Òwe odò àti orísun rẹ̀, gbogbo wa ti gbọ́ ọ tó, n kò ní tún un pa. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Orúkọ ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú ìwé tí àwọn baba wa fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ìyá tó bí ìyá yín, ẹ yà sí ilé ìdáná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú ló ní àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: rìsíìtì owó orí, ìwé ilẹ̀, káàdì ìrìbọmi, Bíbélì tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí, tàbí ìwé tí bàbá alùfáà kan fi àjàmí kọ orúkọ sí. Ìwé ìrìbọmi tiwa níhìn-ín kò lọ sẹ́yìn púpọ̀, torí pé lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ́n ní 1892 ni ṣọ́ọ̀ṣì tó ráyè gbilẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá tan mọ́ Sàró lè wá a dé Freetown. Láti 1808 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, gíga wọn àti àmì ara wọn. Etí òyìnbó ló gbọ́ orúkọ náà, ọwọ́ òyìnbó ló kọ ọ́, nítorí náà ẹ pè é sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó ní kì í ṣe Yorùbá. Ilé ìkówèépamọ́ ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn náà ń bẹ. Ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ ni kí ẹ béèrè níbẹ̀, torí nílé ẹjọ́ ni àwọn bàbá wa ti ka ìran wọn lójú ọ̀tá tó ń dúró kí wọ́n ṣì í kà.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba ọjọ́ orí inú ìwé gbọ́ tán. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù nítorí iṣẹ́ ìjọba. (Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni o.) Régberégbe ló wúlò níbí ju ìwé lọ. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fi ń kó àwọn ọmọ jọ. Bí ẹ bá ti mọ ẹgbẹ́ tí bàbá àgbà yín wà, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí i.

Àwọn obìnrin wá dà? Ní Abẹ́òkúta, àwọn ìyá ń san owó orí tiwọn. Owó orí yẹn náà ló fa ìjà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti léwájú rẹ̀ ní 1947. Bí rìsíìtì bẹ́ẹ̀ bá wà nílé ìyá yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi wúrà, torí orúkọ rẹ̀ gan-an ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe "ìyàwó lágbájá".

Nílé tiwa, ìwé ìran tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ sọ nípa ìyá tó bí bàbá bàbá mi pé: "ìyàwó kẹta, ará Pópó." Ó tán. Pópó kì í sì í ṣe ibì kan ṣoṣo. Pópó wà lọ́nà Àgbádárìgì títí wọ ilẹ̀ Benin, Pópó Àgùdà sì wà láàrin Èkó. Àwọn ará ilé gbà pé ti ọ̀nà Àgbádárìgì ni, àti pé wọ́n fi owó rà á ni. Lọ́jọ́ kan tí ìpàdé ilẹ̀ gbóná, ẹbí wa kan dìde, ó ní ẹ̀ka tiwa kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ọmọ ẹrú kì í pín ilẹ̀. Bàbá mi kò fèsì. Ó kú láìfèsì.

Ilé Mùsùlùmí ni ilé wa. Síbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ Jímọ́ kan, àwọn ìyá wa a máa se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a rin àgbọn, wọn a fún omi rẹ̀ sí i, wọn a fi kànáfùrù àti ṣúgà díẹ̀ sí i. Ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹran kò gbọdọ̀ kàn án. Bí a bá bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, wọn a ní bí Màmá ṣe ń sè é nìyẹn.

Ẹni tó bá ti gbé Ìsàlẹ̀ Èkó rí ti mọ ohun tí mo ń wí. Frejon ni. Ọ̀rọ̀ àwọn Potogí fún ẹ̀wà ló bí orúkọ yẹn. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn èèyàn wa tó ti oko ẹrú Brazil padà bọ̀, ló máa ń jẹ ẹ́ ní Good Friday, torí àwọn Kátólíìkì kì í jẹran lọ́jọ́ náà. Àgùdà wà ní Porto-Novo àti Ouidah náà, nítorí náà ìkòkò nìkan kò tó ẹ̀rí. Ó kàn nawọ́ sí ọ̀nà ni. Àbúrò mi obìnrin ló gba ọ̀nà náà dé ìdí ìwé ìrìbọmi àwọn Kátólíìkì l'Ékòó, pẹ̀lú orúkọ kan tí ìyá àgbà kan rántí, èyí tí gbogbo ilé ti kà sí ìnagijẹ. Orúkọ Potogí ni. Ó wà nínú ìwé: baba rẹ̀, káfíńtà, ìyá rẹ̀, ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní Bahia.

Ẹnikẹ́ni kò fi owó ra Màmá. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n rà. Nígbà tí àbúrò mi ń ka èyí sétí ìpàdé ẹbí, àwọn kan láàrin ẹ̀ka tiwa ní kó fo ìlà ìkẹyìn. Ó kà á. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ṣì wà nílé ẹjọ́, n kò ní fẹnu kàn án.

Ìkòkò náà a máa ṣini lọ́nà o. Bí ẹnì kan bá ní gaàrí ni Ọbańta mu nígbà tó dé, ẹ rọra. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni pákí ti wá, àwọn Potogí ló kó o dé etí òkun wa. Ní Bahia, ilá ni wọ́n fi ń se amalá Ṣàngó: orúkọ dúró, ohun tó wà nínú ìkòkò yí padà. Àkàrà ní tirẹ̀ di acarajé níbẹ̀, ẹ̀wà àti epo pupa ṣì ni. Ìkọ́kọrẹ́ lásán kò lè sọ fún yín ju pé Ìjẹ̀bú ni yín. Ohun tó yàtọ̀ ni kí ẹ wá: oúnjẹ tí ilé yín nìkan ń sè ládùúgbò, oúnjẹ tó ní ọjọ́ tirẹ̀, àti èyí tí wọ́n ní ẹ kò gbọdọ̀ jẹ.

Láàrin ọdún mẹ́wàá yìí, a ti bá ara wa sin ìyá púpọ̀. A wọ aṣọ ẹgbẹ́, a jó, a jẹun. Ta ló bi àwọn ìyá wọ̀nyẹn léèrè ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti kọ́ oúnjẹ wọn kí wọ́n tó lọ? Mo bẹ̀ yín, kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé, kí oníkálùkù lọ bá obìnrin tó dàgbà jù nílé ìyá rẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ mú ìwé àti bírò dání. Ẹ mú ewùrà àti ẹja lọ, kí ẹ jọ sè é, torí ọ̀rọ̀ máa ń jáde nídìí ewùrà rírin ju orí àga lọ. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi í pé ta ló kọ́ ọ, ta ló kọ́ ẹni tó kọ́ ọ, ọmọ ìlú ibo ni onítọ̀hún. Bó bá ní ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ kọ ẹ̀kúnwọ́ kan. Akọ̀wé wa ti gbà láti tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì kọ orúkọ ìyá náà, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ.